Ẹ yé fi kámà dẹ́rù bà wá ní Varanasi

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi. Àwa tí à ń gbé aláìsàn wa lọ gba ìtọ́jú ní Delhi, àwọn mìíràn nínú wa máa ń yà sí Varanasi, ìlú mímọ́ àwọn Híńdù ní India, kí a fojú kan odò Ganga tí wọ́n kà sí mímọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ojú wa rí ní Manikarnika, etí odò tí wọ́n ti ń sun òkú tọ̀sán tòru! Ọkùnrin kan tẹ̀ lé èmi àti àbúrò mi, ó ní òun ń tọ́jú àwọn arúgbó tó ń retí ọlọ́jọ́. Ó mú wa gun òkè ilé kan, ìyá àgbàlagbà kan gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe ní ká sanwó igi tí wọn yóò fi sun màmá náà. Mo ní n ò lówó, ló bá ní kámà mi, ìyẹn èrè ìwà ẹni, ti bàjẹ́ nìyẹn, pé àìsàn màmá mi ò ní í san. Kí ló kan màmá mi níbẹ̀?

Igi wọ́n lóòótọ́. Òkú kan lè gba nǹkan bí 300 kílò, ọ̀pọ̀ tálákà ò sì ní in. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Àwọn Híńdù gbà pé ẹni tó bá kú sí Varanasi, òrìṣà wọn Shiva fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ sí i létí, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò fi ní í padà wá sáyé mọ́. Moksha ni wọ́n ń pè é. Ìwé mímọ́ wọn, Bhagavad Gita, orí 17, sì ní ọrẹ tó dára ni èyí tí a fún ẹni tó yẹ, níbi tó yẹ, lásìkò tó yẹ, láìretí ohunkóhun padà. Owó tí wọ́n fi ìbẹ̀rù gbà lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn, èrè wo ló fẹ́ bí fún ẹ̀mí ẹnikẹ́ni? Ojú ti onílé tí a wọ̀ sí, Híńdù pọ́ńbélé, nígbà tí a ròyìn fún un.

Àwọn aláṣẹ ń wò wọ́n níran. Kí wọ́n gbé tábìlì kan síbẹ̀, lẹ́bàá òṣùwọ̀n ńlá tí àwọn onígi fi ń wọn igi. Kí wọ́n kọ iye owó kílò igi máńgò kan sára pátákó gàdàgbà, ní èdè Hindi àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú, kó sanwó, kó gba rìsíìtì, kí wọ́n wọn igi lójú rẹ̀, kí wọ́n sì kó o fún ẹbí olókùú tí kò rówó ra igi lọ́jọ́ náà. Kí òtẹ́ẹ̀lì máa kìlọ̀ fún àlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn tó ń múra ìrìn àjò lọ́wọ́ báyìí rí i kà.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn