Ẹ Jẹ́ Ká Rí Àwòrán Ìlú Ká Tó Ra Ilẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, ni mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi rà lójú ọ̀nà Oǹdó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mo sanwó fún ìdílé tó ni ín, mo gba rìsíìtì, awọnlẹ̀ wá wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ri píílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kan níwájú tí ìyàwó mi á ti máa ta gàrí àti èlùbọ́.

Bíríkìlà ti to búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù náà dé ìlà kẹta nígbà tí àwọn Town Planning dé. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí iṣẹ́ dúró. Ọmọkùnrin kan nínú wọn na téèpù láti etí títì wá, ó ní, "Bàbá, ẹ ti sún mọ́ títì jù. Ilé gbígbé nìkan ni wọ́n sì ya àdúgbò yìí sọ́tọ̀ fún." Mo bi í pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní ó wà nínú àwòrán ìlú, èyí tó ń fi ohun tí wọ́n lè kọ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan hàn, tó wà ní ọ́fíìsì àwọn.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ẹni tó talẹ̀ ò sọ fún mi, awọnlẹ̀ ò sọ, lọ́yà tó ṣe ìwé àdéhùn náà ò sọ.

N ò bá òfin jà o. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ẹnìkan lè kan gbogbo ìlú. Ọmọ Ifẹ̀ wo ló máa wá sọ pé ohun tó bá wu òun lòun máa kọ́ sórí ilẹ̀ òun? Èmi náà ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìlagi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Àmọ́ igbá gàrí kì í ṣe ẹ̀rọ ìlagi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ìyá mi ti tajà tó fi rán wa níléèwé. Kí àwọn tó ń ya àwòrán ìlú ro irú èyí mọ́ ọn.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Òṣogbo ni mò ń bẹ̀: ẹ lẹ àwòrán yìí mọ́ ògiri gbogbo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, lédè Yorùbá, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù lè wà àti iye ẹsẹ̀ bàtà tó máa fi sílẹ̀ fún títì, kó tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún ń wọn ilẹ̀ tó bá tèmi pààlà. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ àwòrán wò. Ó ní, "Àwòrán wo, Bàbá?"

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀