Múyìwá, jókòó kó o ka eléyìí

Múyìwá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá Tòlú ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá àyè kọ ìwé yìí sí ẹ, voice note ò lè gba ọ̀rọ̀ yìí, tí n bá sì pè ẹ́, wàá ní o wà lójú ọ̀nà, o ò gbọ́ mi dáadáa. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru, Ìbùkún ti wọ kíláàsì kejì, onílé ti fowó kún owó ilé, òtútù ò sì tíì lọ. Ó tán. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Mọ́tò pupa yẹn, èyí tí àwòrán ẹ̀ wà lára ògiri wa ní BQ, tó máa ń la ojú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá tan iná ẹ̀. Mazda MX-5, ti 1996, ẹnjìnnì 1.8, ìjókòó méjì péré. Ọdún kejì rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, gbogbo Sunday tí mo bá ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, torí ìwọ lo sọ pé ọ̀kan nínú wa á wà á ká tó kú. Ìjókòó kejì, Ìbùkún ló ni ín, kò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ jókòó síbẹ̀ rárá.

Òun náà ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. O mọ̀ pé Sheffield yìí, òkè lẹ́yìn òkè ni bí Ìbàdàn, ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la sì máa ń páàkì sí níwájú ilé. Mo fa hánbíréèkì, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń yí lọ sí apá ọ̀dọ̀ ẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un, mo bá rí i pé mọ́tò ń lọ sẹ́yìn. Jẹ́jẹ́ báyìí, kò pariwo, àfi bíi pé ilẹ̀ ló ń sún. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe padà dénú mọ́tò yẹn, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ kan bíréèkì kí ara mi tó wọlé tán. Kò ju ìwọ̀n mítà méjì lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá lẹ́yìn wa ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ní bí oṣù kan ṣáájú, torí hánbíréèkì yẹn náà ni. Wọ́n ní àwọn ti wo bíréèkì ẹ̀yìn, wọ́n ní páàdì, ìyẹn ohun tó máa ń há mọ́ dísìkì irin tó ń bá taya yí kó lè dúró, ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n bá fa wáyà hánbíréèkì le láti inú mọ́tò, ó dì, mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Múyìwá, wọn ò tú taya. Àárín ihò wíìlì ni wọ́n ti yọjú wò ó, páàdì ìta nìkan ni wọ́n sì rí.

Èmi fúnra mi ni mo tú u lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo dí taya iwájú méjèèjì, mo tú hánbíréèkì sílẹ̀, mo fi jáàkì gbé e, mo wá gbé e lé orí àwọn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi gbé mọ́tò dúró, torí láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ Ráṣídì ní Mọ́kọ́lá, orí jáàkì nìkan ò ní bá mi sún mọ́ mọ́tò láéláé. Mo yọ taya, mo wo ti ìta, lóòótọ́, páàdì wà níbẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo gbé kálípà, irin tó máa ń fún páàdì méjèèjì mọ́ dísìkì, kúrò ni mo rí ti inú. Kò sí páàdì níbẹ̀ mọ́. Irin ẹ̀yìn ẹ̀ lásán ló kù tó ń họ dísìkì, ó ti gbẹ́ ẹ lójú bí ìgbà tí wọ́n fi irin họ ìdí ìkòkò, tí mo bá fi èékánná gba orí ẹ̀, ó ń há sí i. Níbí, tí wọ́n bá ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún, tí páàdì bá ti fẹ́lẹ́ tí kò tó mílímítà 1.5 mọ́, ewu ni wọ́n máa kọ sí i, o ò sì gbọdọ̀ wà á títí wàá fi tún un ṣe. Tèmi ò ní ẹyọ mílímítà kan. Mo sì gbé ọmọ mi síbẹ̀ lọ sílé ìwé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé písítìn kan ṣoṣo ni kálípà ẹ̀yìn yẹn ní, apá inú ló sì wà. Tó o bá tẹ bíréèkì, písítìn á ti páàdì inú mọ́ dísìkì, kálípà fúnra ẹ̀ á wá sún lórí pín-ìnnì ẹ̀ kó lè fa ti ìta náà mọ́ ọn. Iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì níbí tí yìnyín bá dé ti jẹ pín-ìnnì tèmi, ó ti dógùn-ún, kò sún mọ́, páàdì inú nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ti iwájú ló ń gba iṣẹ́ jù lára mọ́tò, torí ìwúwo máa ń wọ́ lọ síwájú téèyàn bá tẹ bíréèkì, ti ẹ̀yìn á wá pẹ́ kó tó jẹ, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń gbàgbé ẹ̀. Hánbíréèkì ò sì ní ṣúù bíréèkì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kálípà ẹ̀yìn yẹn náà ló ń lò. Tó bá ti ń fà sókè jù, tí kò dì mọ́, ẹ̀yìn ló ń ránṣẹ́ sí ẹ yẹn. Àwọn tó fa wáyà le yẹn, wọ́n kàn pa ẹnu ẹ̀ mọ́ ni.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ pé o máa fẹ́ràn. Ti iwájú, o lè fi agbára ti písítìn padà. Ti ẹ̀yìn ò gbà bẹ́ẹ̀ o, skúrú hánbíréèkì wà nínú ẹ̀, tó o bá fagbára tì í, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Bóòtì kékeré kan wà lẹ́yìn kálípà, sípánà 14 ló ń tú u, tó o bá yọ ọ́ kúrò, wàá rí ihò tóóró kan, wàá ki Allen key mílímítà 4 bọ̀ ọ́, wàá máa yí i sọ́wọ́ òsì díẹ̀díẹ̀. Mo ń yí i, mo fi ìka kan lé písítìn lórí, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé, Múyìwá, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo pè ẹ́ láti ibẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ gbogbo ìdọ̀tí, mo fi gíríìsì tuntun sí pín-ìnnì, mo wọ dísìkì tuntun àti páàdì tuntun sí i, mo wá yí Allen key yẹn sọ́wọ́ ọ̀tún títí páàdì fi di dísìkì mú, mo dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo kan. Apá òsì gbà mí ní wákàtí mẹ́ta, ọ̀tún ò ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà mo tẹ bíréèkì lẹ́sẹ̀ léraléra títí ó fi le kí n tó gbé e kúrò lójú kan. Gbogbo ẹ̀ ná mi ní £85. Ó dúró lórí òkè báyìí, kò mì.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí gan-an rèé. Ọjọ́ Sunday tó kọjá, Ìbùkún ń bá bàbá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, bàbá mi wà níta níwájú ilé ní Òkè Àrẹ̀mọ, 504 yẹn sì wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ yìí bá bi wọ́n pé, “Grandpa, kí ni òkúta yẹn ń ṣe lábẹ́ taya?” Wọ́n ní, “Òun ló ń di mọ́tò mú, ọmọ mi, hánbíréèkì ti kọṣẹ́ tipẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni mo ti mọ òkúta yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìwọ àtèmi la jọ máa ń yọ ọ́ fún wọn láàárọ̀, mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 74. Wọ́n ṣì ń fi mọ́tò yẹn gbé àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé ìwé. Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á ní òyìnbó ti kọ́ mi ní ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ, wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ ju tèmi lọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, wá àyè lọ kí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kó o mú mẹkáníìkì tìẹ dání. Kó tú taya ẹ̀yìn méjèèjì níṣojú ẹ, má ṣe jẹ́ kó yọjú wò ó lásán o. Ohunkóhun tó bá ti jẹ, kó pààrọ̀ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kó má fi tòkúnbọ̀ sí i, èmi ni mo máa san gbogbo ẹ̀, ránṣẹ́ iye ẹ̀ sí mi, owó á wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Tí wọ́n bá bínú, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Kó o sì ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi, ti inú lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó yọ òkúta yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan tó lágbára dí taya iwájú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì sọ fún bàbá kí wọ́n kúrò lẹ́yìn mọ́tò.

Èmi ni,
Gbádé