Mi ò kú o, inú ló ń bí mi

Ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí mẹ́séèjì ẹ tó o ti ní ṣé mo ti kú ni, pé látìgbà tí wọ́n ti dìbò tán o ò gbúròó mi mọ́. Má bínú jàre. Mi ò kú, inú ló ń bí mi, ó wá pọ̀ débi pé mi ò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kí n má bọ́ sórí òṣèlú, ó ti sú gbogbo ará ilé, ó sú èmi gan-an.

Ṣé o mọ̀ mí. Ojú mi ò tíì là tán láàárọ̀ tí fóònù á ti wà lọ́wọ́, màá ka ohun tí wọ́n ṣe mọ́jú, màá máa dá àwọn tí mi ò mọ̀ rí lóhùn, wọ́n á bú bàbá mi, èmi náà á bú tiwọn, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán àyà mi á ti máa lù kì kì kì, mi ò ní tíì fọwọ́ kan iṣẹ́, ìjọba ò sì ní tíì kúrò níbi tó wà. Odindi oṣù mẹ́ta!

Ìtàn obìnrin kan ló gbà mí. Georgia Gilmore lorúkọ ẹ̀, alásè ni, ní Montgomery l'Amẹ́ríkà. O rántí ìgbà táwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ ní àwọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ní December 1955, lẹ́yìn tí wọ́n mú Rosa Parks torí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì? Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo wa la mọ Parks, a mọ Martin Luther King, àmọ́ ta ló ń rówó epo fún àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn? Gilmore àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ wà lára wọn, wọ́n ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń yan kéèkì, wọ́n á kówó ẹ̀ wá sípàdé. Tí wọ́n bá ní níbo lowó ti wá, wọ́n á ní kò ti ibì kankan wá, wọ́n sì fi ìyẹn sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àwọn tó dáwó mú. Wọ́n lé òun náà níṣẹ́, ló bá ń se oúnjẹ tà nínú ilé ẹ̀. Mo ka ìyẹn tán, mo wo fóònù ọwọ́ mi, ojú tì mí.

Ni mo bá ṣòfin fún ara mi: ìròyìn tó bá ti bí mi nínú, mi ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan títí màá fi ṣe oore kan fún ẹnì kan tí mo lè fojú rí. Má rẹ́rìn-ín. Ìròyìn burúkú pọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ débi pé oore fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo tiẹ̀ lọ fẹ̀jẹ̀ tọrẹ, èmi tí mò ń sá fún abẹ́rẹ́! Nọ́ọ̀sì fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sí mi lọ́wọ́ pé kí n máa fún un, mo sì ń fún un bíi pé ọrùn ẹni tá a jọ mọ̀ yẹn ni.

Èyí tí mi ò retí ni ti bàbá ilé kejì, tá a jọ pariwo mọ́ra wa kí ìbò tó dé, tó lẹ àwòrán ọ̀gá wọn mọ́ fèrèsé. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Lẹ́tà dé fún wọn pé tí wọn ò bá kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìfẹ̀yìntì wọn máa dúró, ni wọ́n bá wá kanlẹ̀kùn mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó wà létè mi láti sọ pé "Bàbá, ìjọba yín nìyẹn." Mo gbé e mì. Alẹ́ méjì la fi ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ní ká tẹ gbogbo àwòrán tó bá níná títì ká lè fi hàn pé èèyàn ni wá, Bàbá tẹ̀ síwájú títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà, wọ́n ní "Iná wo? Èmi ò ríná kankan o, ó lè jẹ́ pé èmi kì í ṣèèyàn." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín pẹ́ débi pé ìkànnì náà já wa síta, a tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Àwòrán yẹn ṣì wà ní fèrèsé wọn o. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú àwọn àgbà méjì míì wá, lẹ́tà kan náà lọ́wọ́ wọn, ó wá di gbogbo alẹ́ Tọ́sìdeè. Mi ò béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n wà.

Má sì rò pé mo ti jáwọ́ nínú òṣèlú. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù nìkan ni mò ń bá wọn kún, a jẹ́ pé mò ń bá àwọn tó ṣe é tún iṣẹ́ wọn ṣe nìyẹn. A ti kọ̀wé sí aṣòfin wa, a ní kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù orí bébà padà. Èmi kọ "ìwà ìkà" síbẹ̀, Bàbá ní kí n yọ ọ́, a jà sí i fún odindi wákàtí kan, a wá fi "ìnira" rọ́pò ẹ̀, gbogbo wa buwọ́ lù ú. Wọn ò tíì fèsì.

Wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn, Tọ́sìdeè lòní. Sọ bí ti ọ̀dọ̀ yín ṣe rí fún mi, kó gùn o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ, oníjà.