Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Sọ Mí Di Ènìyàn Mẹ́ta Nínú Ìwé Ìṣirò Iṣẹ́ Ìwádìí Mi

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
18 oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Alàgbà,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fẹjọ́ sùn yín lórí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe fún mi. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, mo san ₦85,000 fún yín kí ẹ lè bá mi ṣe ìwé tí yóò fi iye àpilẹ̀kọ tí mo ti tẹ̀ jáde hàn, iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti tọ́ka sí wọn, àti h-index mi, ìyẹn nọ́mbà tó ń fi iye àpilẹ̀kọ àti iye ìtọ́kasí wọn díwọ̀n iṣẹ́ olùwádìí, nítorí pé ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìgbéga àwọn olùkọ́ wò níbi iṣẹ́ mi béèrè fún un. Ìwé náà dé lásìkò, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi bí mo ṣe ṣe é.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpilẹ̀kọ mẹ́ta péré ni mo ní, àti pé 2 ni h-index mi. Mọ́kànlá ni àpilẹ̀kọ mi tó ti jáde. Nígbà tí mo fúnra mi tẹ orúkọ mi sínú dátábéèsì yín, mo rí i pé ẹ ti pín mi sí ènìyàn mẹ́ta: ọ̀kan ní àmì lábẹ́ Ọ àti ṣ tó wà nínú orúkọ mi, èkejì kò ní àmì kankan, ẹ̀kẹta sì ní àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí ṣ wà. Ẹni àkọ́kọ́ ní àpilẹ̀kọ mẹ́ta, tí wọ́n ti tọ́ka sí ní ìgbà 14, 6 àti 1; ẹni kejì ní méjì, 9 àti 5; ẹni kẹta náà ní méjì, 8 àti 3. Ti ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ kó sínú ìwé tí mo sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìṣirò yìí ṣòwò mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé h-index, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, gbé kalẹ̀ ní 2005, kì í ṣe ohun tí a ń gé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí h-index rẹ̀ jẹ́ 5 ní àpilẹ̀kọ márùn-ún tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà márùn-ún, ó kéré tán. Bí ẹ bá kó méjèèje jọ, tí ẹ sì tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù, 14, 9, 8, 6, 5, 3, 1 ni ẹ ó rí, 5 sì ni h-index mi. Bí ẹ bá pín wọn sí mẹ́ta bí ẹ ti ṣe yìí, 2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ní. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti fi bíírò pupa yí 2 yẹn ká lójú mi.

Mo ti wádìí ohun tó fà á. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, a lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, a sì tún lè kọ o lásán kí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí ohun méjì bí wọn kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan; ètò tí kò bá sì mọ àmì náà lè yọ ọ́ kúrò tàbí kí ó fi àmì ìbéèrè dípò rẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn. Òṣìṣẹ́ yín tó dá mi lóhùn lórí fóònù ní kí n kúkú máa kọ orúkọ mi láìsí àmì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó mi lọ. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Níbí tí mo ń gbé, bí a bá yọ àmì kúrò lára Ọ̀ṣun, ẹni tó bá kà á lè pè é ní osùn tí wọ́n ń fi kun ara ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti fi nọ́mbà ORCID mi, nọ́mbà ìdánimọ̀ olùwádìí tí í ṣe oní-dígíìtì 16, ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí mo sanwó. Nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn olùwádìí ní nọ́mbà náà ní 2012.

Àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó kù, èdè Yorùbá ni mo fi kọ wọ́n. Wọ́n dá lórí aró: bí àwọn ìyá aláró Òṣogbo ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò ti tó rẹ aṣọ sí. Mo kọ wọ́n lédè wa kí ọmọ àwọn ìyá náà lè kà á sí wọn létí, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í, wọ́n sì tún un ṣe lóòótọ́. Ẹ ní ẹ kò lè ka àwọn àpilẹ̀kọ náà mọ́ iṣẹ́ mi nítorí pé wọn kò ní àkótán lédè Gẹ̀ẹ́sì. Méjì nínú wọn ní i, lójú ewé àkọ́kọ́. Lára ìlànà mẹ́wàá inú Leiden Manifesto, ìwé lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí, tó jáde nínú jọ́nà Nature ní 2015, ni pé kí a dáàbò bo ìwádìí tó wúlò fún àdúgbò tí wọ́n ti ṣe é, àti pé kí ẹni tí wọ́n ń díwọ̀n lè yẹ dátà rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Èmi kò rí ibì kankan lórí ìkànnì yín tí mo ti lè ṣe èyí.

Ẹ tún fi impact factor jọ́nà, ìyẹn ìpíndọ́gba iye ìgbà tí wọ́n ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan, ṣe máàkì fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú nìkan ni ìṣirò yẹn ń wò, jọ́nà ló sì ń díwọ̀n, kì í ṣe àpilẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n ti tọ́ka sí ní ìgbà 14 nínú tèmi, ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó jáde kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ máàkì náà kúrò.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ so àwọn ènìyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn pọ̀ sábẹ́ orúkọ mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kí ẹ fi àpilẹ̀kọ méjì tó ní àkótán lédè Gẹ̀ẹ́sì kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé méjì mìíràn wà lédè Yorùbá tí ẹ kò kà. Kí ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ wa pé àṣìṣe náà ti ọ̀dọ̀ yín wá. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe kí oṣù Kẹrin tó parí, ẹ dá ₦85,000 mi padà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Mo fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, rìsíìtì owó tí mo san àti àwòrán ojú ìwé mẹ́ta tí ẹ pín mi sí mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, olùkọ́ àgbà nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà.