Kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe ló ń sọ bọ́ọ̀lù di trending

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ọ̀dọ́ tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa trend lórí Google, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Nàìjíríà àti South Africa, semi-final AFCON, ìyẹn ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, February 7, 2024, ní Bouaké lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Kí rẹfirí tó fọn fèrè rárá lọ̀rọ̀ ti gbóná. Ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ẹ̀ ni Tyla, olórin ọmọ South Africa, gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ àwọn olórin, mọ́ Davido, Burna Boy, Asake àtàwọn yòókù lọ́wọ́, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ṣáá, àwa náà ń fèsì pé kò burú, ó dọjọ́ Wẹ́sìdeè, títí kan ẹni tí ò mọ kọ́nà yàtọ̀ sí throw-in.

Viewing centre kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn lèmi wà, a kún fọ́fọ́, Troost-Ekong ti gbá penalty wọlé, Osimhen tún ju ìkejì sáwọ̀n, à ń fò sókè, ẹnì kan ti da mínírà sí mi lára, la bá rí i tí rẹfirí ń lọ síbi VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún nǹkan wò. Ìgbà yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ kú! Epo tán. Ariwo sọ, kóówá ki ọwọ́ bọ àpò, iná fóònù tàn káàkiri inú òkùnkùn, gbogbo wa ń tẹ "Nigeria South Africa score". Fọganáísà wà níbẹ̀ o, tíṣà wà níbẹ̀, láńlọ́ọ̀dù mi náà wà níbẹ̀, ta ni ò níṣẹ́ lọ́wọ́? Google ló sọ fún wa pé wọ́n ti fagi lé góòlù yẹn, pé Alhassan Yusuf tiwa ti kọ́kọ́ gbé Percy Tau tiwọn ṣubú nínú box tiwa, wọ́n fún wọn ní penalty, Mokoena sì gbá a wọlé. A fò ní 2-0, a jókòó ní 1-1.

Kì í kúkú ṣe ohun táwọn èèyàn ń wá jù ló ń trend. Ohun tó ṣàdédé fò sókè ju bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni. Facebook tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́ lè má yọjú síbẹ̀, àmọ́ orúkọ tí ọ̀pọ̀ ò wá rí, tí gbogbo ayé wá dà bò láàárín wákàtí kan, kíá ló máa gòkè.

Bíi ti Nwabali, gólì wa, ẹni tó mú penalty méjì nígbà tí 1-1 yẹn ò yí padà tí wọ́n fi penalty yanjú ẹ̀, tá a fi wọ final ní 4-2. Màmá mi tí wọn kì í wo bọ́ọ̀lù pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ta ló ń jẹ́ Nwabali tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí? Bá mi wò ó nínú fóònù ẹ." Mo wò ó, mo ní Chippa United ló ń gbá fún, ní South Africa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, ó wá ń mú bọ́ọ̀lù wọn? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé báyìí?"

Ìyẹn náà, mo tún lọ wá a lórí Google.

Èmi òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.