Iṣẹ́ tí o rán mi, Ìyá Mopé

Kẹ́mta, Abẹ́òkúta.

Ìyá Mopé mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Mopé ńkọ́? Òtútù Peckham ńkọ́? Àwa ńbí wà, àfi òòrùn tó fẹ́ dín wa bí àkàrà.

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì rẹ, mo tún un gbọ́. O ní Mopé ti fẹ́ jáde ní yunifásítì, kò sì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kí n bá ọ bi àwọn oníṣẹ́ oríṣìíríṣìí níbí, kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn. Lẹ́tà ni mo fi dá ọ lóhùn, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Kí n má purọ́, òfo ni mo mú bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mú bíírò àti ìwé dání bí oníròyìn. Bíríkìlà tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún wa ni mo kọ́kọ́ bi. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Ẹ ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run, kó sì ní sùúrù." Mo bi mẹkáníìkì mi: ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti sùúrù. Alájọ wa náà: sùúrù. Mo wá rí i pé bí o bá ní kí èèyàn gbà ọ́ nímọ̀ràn, ìwàásù ló máa ṣe fún ọ. Ni mo bá ju bíírò sílẹ̀, mo kàn ń lọ jókòó tì wọ́n nídìí iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan ní àdúgbò wa ni mo ti rí nǹkan gidi. Ìyá yìí ṣì ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò báyìí. Ó ti fi ẹ̀kọ láfún tẹ ọnà sára aṣọ láti ojú páànù tí wọ́n gé, ó ti gbẹ. Ó rì í bọnú aró, ó yọ ọ́. Àfi àwọ̀ ewé! Mo ní, "Yéè, Ìyá, aró yìí ti bàjẹ́." Kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Atẹ́gùn ò tíì kàn án." Ó fà á sórí okùn. Ojú mi báyìí ni àwọ̀ ewé náà ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró.

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bí òun bá ti rí àwọ̀ ewé yẹn, ẹ̀rù á ba òun, òun á tún un rì, òun á tún un rì, títí ẹ̀kọ á fi rọ̀, tí aró á wọnú ọnà, aṣọ á wá dúdú bíi fìlà olóṣèlú. Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá ló wọ̀, torí kọ́sítíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró ti bó o lọ́wọ́ rí. Ó ní àwọn kan ń pe òun ní ojo nítorí ẹ̀. "Kí wọ́n máa pè mí." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ nípa owó ló dùn mọ́ mi jù: "Oníbàárà tó bá yin aṣọ jù, àwìn ló fẹ́ rà. Ẹni tó máa sanwó, àléébù ló ń wá." Jọ̀ọ́, sọ èyí fún Mopé kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn fún un.

Ti mẹkáníìkì, ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Mọ́tò mi gbóná ní Pansẹ́kẹ́, èmi ọlọ́gbọ́n sì ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ooru náà bó mi ní ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ó dé, kò bá mi wí. Ó jókòó sórí táyà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní ṣé kò ní tún un ṣe ni, ó ní, "Ó ṣì ń bínú." Ìdí ẹ̀pà yẹn ló ti sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun fọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò oníbàárà kan, òun sì fi gúlù lẹ̀ ẹ́, òun panu mọ́. Ọkùnrin náà rí i nílé. Kò bínú dígí, ó kàn ń bi ọ̀gá léèrè pé, "Kí ni ẹ tún lẹ̀ tí mi ò tíì rí?" Kò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, bí òun bá ba nǹkan jẹ́, òun fúnra òun ló ń kọ́kọ́ pe ẹni tó ni ín.

Bíríkìlà náà padà sọ̀rọ̀ gidi, nígbà tí ọkọ mi ní kí wọ́n yọ pákó abẹ́ kọnkéré lọ́jọ́ kẹrin. Ó ní, "Bí a bá yọ ọ́ lónìí, ó lè dúró o, Dádì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà." Ó ń bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ní ọjọ́ 28 ni àwọn máa ń kà kí agbára rẹ̀ tó pé. Ọkọ mi kùn, ṣùgbọ́n ó gbà. (Ìmọ̀ràn tirẹ̀ fún Mopé ni pé kó wá iṣẹ́ ìjọba. Mi ò bá a fà á.)

Alájọ ńkọ́? Mo ń dá 500 náírà lójúmọ́. Lọ́jọ́ 30 ó di 15,000, á mú ti ọjọ́ kan, á kó 14,500 fún mi. Mo ní lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ni n ó máa fi pamọ́ fúnra mi. Ó ní, "Tíṣà, bó bá ń ṣẹ́kù ni, kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé wa, mi ò ní fi tirẹ̀ dá ọ dúró; kó tó kúrò níbi iṣẹ́, á kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó mọ ìyẹn jù mí lọ.

Mo fi ọ̀pá méjì lára aṣọ ìyá aláró rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti Mopé ni o, má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Omi tútù ni kó fi fọ̀ ọ́, kó má sì pa á pọ̀ mọ́ aṣọ funfun bàbá rẹ̀, torí á ṣì ṣí àwọ̀ díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́