Awò agẹmọ tí o ní kí n bá ọ rà

Liverpool,
Ọjọ́ 14, oṣù Kejì.

Dépọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ọyẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, ó ṣeé ṣe kí ọyẹ́ ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn dáadáa. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé èlùbọ́ tí o fi ránṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ tán, pé òun kàn sọ ọ́ ni o. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń tọrọ nǹkan nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ awò tó ń yí àwọ̀ padà yẹn ńkọ́? Mo ti lọ, mo ti wò ó, mo tiẹ̀ fi sójú. N ò rà á. Má tíì fajú ro. O ní ọ̀kan ṣoṣo lo fẹ́, èyí tí wàá fi wakọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé, tí wàá tún fi gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ láàárọ̀ Sátidé, kí o má baà máa kó awò méjì kiri bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ọ̀kan ò lè ṣe é. Méjì ni mo fẹ́ rà, owó méjèèjì ò sì tó ti ẹyọ kan olówó gọbọi tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ṣé o rántí tíṣà wa tó kọ́ wa ní ìṣirò, tí awò rẹ̀ máa ń dúdú bó bá ti dé orí pápá, tí á tún mọ́ bó bá padà wọ kíláàsì? A ní bàbá yẹn lóògùn. Ó lóògùn lóòótọ́, àmọ́ inú gíláàsì ló wà. Àwọn ará ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ló ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960: gíláàsì gidi tí wọ́n po èròjà fàdákà wínníwínní mọ́. Ó wúwo débi pé ó máa ń fa ilà sí imú èèyàn. Ike ni ọ̀pọ̀ ti òde òní, èròjà inú rẹ̀ sì ń ṣe bí ewé patanmọ́. Bí ìtànṣán UV, èyí tó wà nínú oòrùn tí ojú kì í rí, bá kàn án, á là, á máa gba ìmọ́lẹ̀ mu. Bí UV bá lọ, á pa padà, awò á sì mọ́ gaara. Èmi àti ìyàwó mi, awò agẹmọ la ń pè é.

Fi UV yẹn sọ́kàn, torí òun ló ba ètò rẹ jẹ́. Gíláàsì iwájú ọkọ̀, ipele méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín kó má baà fọ́ sí awakọ̀ lójú. Bí wọ́n ṣe ṣe é yẹn, UV kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kọjá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á wọlé wá gún ọ lójú, àmọ́ ohun tó yẹ kó jí awò náà á dúró síta. Mo ní ọ̀kan, ojú mi ló ká. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Southport lọ́sàn-án, oòrùn ìgbà òtútù ibí sì máa ń lọ sílẹ̀ débi pé á dúró sí ọ̀gangan ojú awakọ̀. Awò mi funfun bí omi òjò. Mo ń ṣẹ́jú, mo ń fi ọwọ́ kan ṣíji bojú. Mo yà ra epo, mo bọ́ sílẹ̀, kí n tó rọ epo tán, awò ti dúdú kirikiri. Ìgbà tí n ò nílò rẹ̀ mọ́!

Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún awakọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ lásán náà máa ń jí. Àwọn yẹn máa ń dúdú díẹ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ́ tán. Ìwọ tí o máa ń ti Èkó bọ̀ lálẹ́, tí àwọn kan á tún pa iná ọkọ̀ wọn, n ò fẹ́ kí nǹkan kan dí ọ lójú rárá.

Nítorí náà, awò tó gọ̀ ni màá rà fún ọkọ̀, èyí tí kì í yí padà. Aláwọ̀ igi, polarised, nọ́ńbà 3. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sínú apá awò, láti 0 dé 4. Èyí tó jẹ́ 3 ń gba ìmọ́lẹ̀ bí 8 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún láàyè. 4 ṣókùnkùn jù, ti orí yìnyín ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wakọ̀. Ti polarised yẹn ni wàá gbádùn jù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti ara ọ̀dà lọ́sàn-án gangan, tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn á máa dán bí odò, òun ló ń pa á. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí o bá dá fóònù rẹ ní ìbú láti wo máàpù, ojú fóònù lè ṣókùnkùn. Dá a dúró ní òró. Má sì gbàgbé láti bọ́ awò bí ọ̀sán bá ti ń di alẹ́. Lọ́jọ́ kan mo fi irú rẹ̀ wọ Queensway, ihò ọ̀nà tó gba abẹ́ odò Mersey, tó ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Iná pupa ọkọ̀ iwájú nìkan ni mo rí. Mo já awò kúrò lójú, ó bọ́ sí abẹ́ bíréékì. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Ti kẹ̀kẹ́ ni agẹmọ wà fún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kúrò ní Bódìjà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ń bọ̀ láti Mọ́níyà nígbà tí oòrùn ti gòkè, ó máa mọ́ nígbà tí ẹ ń lọ, kò sì ní jẹ́ kí eruku àti kòkòrò wọ̀ ọ́ lójú. Bí ẹ bá ń bọ̀, á ti dúdú. Polycarbonate, ike tí kì í tètè fọ́, ni kó jẹ́, torí òkúta tí táyà tírélà máa ń ta. N ò ní ra polarised fún kẹ̀kẹ́ ní tèmi, torí dídán ilẹ̀ ló ń sọ fún mi pé omi tàbí epo wà níwájú. Mọ̀ pé kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń dúdú, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́, nítorí náà rọra bí o bá wọ abẹ́ igi.

Ohun kan wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: inú òtútù ló ti ń dúdú jù, ooru máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Nínú yìnyín Liverpool, á dúdú bí kóró iṣin. Ní Ìbàdàn tí oòrùn wà, á ṣe níwọ̀nba. Má wá pè mí pé ayédèrú ni mo rà o. Agẹmọ ti bímọ tirẹ̀, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ. Bí o bá ń ṣiyèméjì, mú iná UV tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, tan án sí i nínú yàrá: ojú ibi tí iná bá kàn á dúdú. Má fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ooru ibẹ̀ ń bà á jẹ́. Bí ọdún méjì sí mẹ́ta bá sì kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

O ní ìwé ìròyìn ti ń jìnnà sí ojú rẹ. Lọ ṣe àyẹ̀wò ojú kí n tó sanwó, kí o ya àwòrán ìwé tí wọ́n bá fún ọ, kí o fi ránṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ wálé lóṣù Kẹrin, òun ni màá fi rán. Ó ní ibi kékeré ṣẹ́kù nínú báàgì òun tó bá ń padà bọ̀. Ìyàwó mi ti gbọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Láńre